Obìnrin Tí Mo Fi Sílẹ̀ Sórí Òrùlé

Ẹ̀yin ará ẹgbẹ́ mi, ẹ ní kí n wá bá yín sọ̀rọ̀ lórí ohun tó máa ń há òǹkọ̀wé ìtàn lọ́rùn, àti bí èèyàn ṣe lè gbé e mì. Mo ti ro ohun tí mo fẹ́ sọ dáadáa. Ṣùgbọ́n oorun ìdájí àná gbé mi lọ síbì kan, nígbà tí mo sì padà dé, ohun tí mo ti rò tẹ́lẹ̀ kò wù mí í sọ mọ́. Àlá yẹn ni mo fẹ́ rọ́ fún yín. Bí mo ṣe rí i ni n ó ṣe sọ ọ́, n kò ní bù mọ́ ọn.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí ẹ mọ èyí. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń kọ ìwé kan. Ìtàn obìnrin aránṣọ kan ni, Morádékẹ́ ni mo sọ ọ́, ìlú kan tó wà létí odò ló ń gbé. Nígbà tí ìtàn náà dé ìdajì, odò kún, omi ya wọ ilé, Morádékẹ́ fi okùn di ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, ó gun orí òrùlé lọ. Ibẹ̀ ni mo dúró sí. N kò mọ ohun tó kàn. Bí mo bá jókòó tì í, n ó kọ òjò, n ó pa á rẹ́, n ó tún òjò mìíràn kọ. Nígbà tó yá, mo gbé e tì, mo ní ẹ̀mí ò gbé mi. Láti ìgbà náà ni obìnrin náà ti wà lórí òrùlé.

Ó dáa. Nínú àlá náà, mo jókòó ní yàrá àwọn olùkọ́ ní ilé-ìwé tí mo ti ń kọ́ni, mo ń ṣàmì sí iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn olùkọ́ yòókù jókòó sórí àga wọn, ṣùgbọ́n àwọn àga náà kò kan ilẹ̀. N kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Ilẹ̀kùn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó húkọ́, ó ní:

"Ìbídàpọ̀, wọ́n ń pè ọ́ lókè."

Mo ní, "Òkè ibo? Ilé-ìwé wa ò ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì."

Ó ní, "Ìyẹn ò kàn mí. Iṣẹ́ tèmi ni kí n ṣí."

Ó sì ṣí ara rẹ̀.

Ilẹ̀ kò sí níta mọ́. Ibi tí àwọn ọmọ ti máa ń tò láàárọ̀ ti di omi pupa, ó lọ títí ojú ò ká a. Lókè omi náà, ọ́fíìsì kan ń léfòó nínú afẹ́fẹ́, tòun ti fèrèsé àti páànù rẹ̀. Okùn kan ṣoṣo tí wọ́n so mọ́ igi máńgòrò wa ni kò jẹ́ kí atẹ́gùn gbé e lọ. Wọ́n sọ àkàbà sílẹ̀ fún mi. Mo nu bàtà mi kí n tó gun un, torí n kò fẹ́ dọ̀tí síbi iṣẹ́ oníṣẹ́.

Wọ́n kọ ọ́ sára ẹnu ọ̀nà wọn pé: ILÉ-IṢẸ́ TÓ Ń RÍ SÍ ÀWỌN TÍ ÒǸKỌ̀WÉ PA TÌ.

Àwọn òṣìṣẹ́ mélòó kan jókòó nídìí tábìlì. Ọkùnrin kan tó sanra, tó dé fìlà, sọ fún mi pé òun ni Ọ̀gbẹ́ni Láògún, òun ni ọ̀gá ibẹ̀. Obìnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó wọ gíláàsì ojú. Ìyáàfin Bámgbàlà ni tirẹ̀, òun ni igbákejì. Bí Ọ̀gbẹ́ni Láògún bá ti mí kanlẹ̀ báyìí, ọ́fíìsì náà á fì sápá kan, gbogbo wa á di tábìlì mú, a ó dúró kó padà sípò, a ó sì máa bá ọ̀rọ̀ wa lọ.

Ọ̀gbẹ́ni Láògún ní, "Ìyáàfin, ẹ bojú wo ìsàlẹ̀ láti ojú fèrèsé yẹn. Kí lẹ rí?"

Mo wò. Òrùlé kan ló wà nísàlẹ̀, páànù rẹ̀ ti dípẹtà. Obìnrin kan dúró lé e lórí, ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ pọ̀n bí ẹni pọn ọmọ. Omi ti dé orúnkún rẹ̀. Kò gbé ojú sókè, kò ké, kò ṣe nǹkankan. Ó kàn dúró bí mo ṣe fi í sílẹ̀.

"Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Mo mọ̀ ọ́n, sà. Morádékẹ́ ni."

"Ta ló gbé e síbẹ̀?"

"Èmi ni."

"Ìgbà wo lẹ fẹ́ gbé e kúrò?"

"Bí ẹ̀mí bá gbé mi."

Ìyáàfin Bámgbàlà yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó fi etí ìró rẹ̀ nù ún. Ó ní, "Omi kì í dúró de ẹ̀mí. Bí ó bá dé ẹnu rẹ̀, a ó tú okùn ọ́fíìsì yìí, a ó bá tiwa lọ, ìtàn yín á parí síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ní rántí mọ́ pé ẹnì kan wà tó ń jẹ́ Morádékẹ́. Ẹ̀yin gan-an kò ní rántí."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo wá gbìyànjú láti rántí orúkọ ìyá Morádékẹ́, orúkọ tí mo fi ẹnu ara mi sọ ọ́. N kò rí i. Mo wá orúkọ àdúgbò rẹ̀, ìyẹn náà ti lọ. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá fi ahọ́n kan ibi tí eyín wà tẹ́lẹ̀.

Mo ní, "Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?"

Ọ̀gbẹ́ni Láògún ní, "Ìbéèrè kan la ní. Kí ni obìnrin yẹn ń wá?"

"Onísùúrù ni," ni mo wí. "Ó mọṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kì í bá ará àdúgbò jà, ó—"

"A ò béèrè ìwà rẹ̀. Kí ló ń wá?"

Mo ní, "Àlàáfíà ló ń wá."

Mo gbọ́ bí omi ṣe ru nísàlẹ̀. Nígbà tí mo wò, ó ti dé itan rẹ̀.

Ìyáàfin Bámgbàlà ní, "Ta ni kò wá àlàáfíà? Ewúrẹ́ pàápàá ń wá àlàáfíà."

Bó ṣe dárúkọ ewúrẹ́ báyìí, akọ̀wé tó jókòó nítòsí ilẹ̀kùn di ewúrẹ́. Mo kí i, ó dá mi lóhùn, a kò sì sọ ọ́ mọ́.

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi láyè, n ó gbà á là. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni irinṣẹ́ mi, ohunkóhun tí mo bá sọ sójú fèrèsé ni yóò ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀. Mo dúró síbẹ̀, mo tún ọ̀nà ọ̀fun ṣe, mo sì bẹ̀rẹ̀ bí mo ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀:

"Òjò ń rọ̀ bí ẹni pé ojú sánmà ti ya. Ó ń rọ̀ sórí páànù, ó ń rọ̀ sára ewé, ó ń rọ̀ sínú odò tó ti kún tẹ́lẹ̀. Kíkan ni kíkan rẹ̀, títutù ni títutù rẹ̀..."

Ó dùn mọ́ mi lẹ́nu. Mo ṣì ń wá ọ̀rọ̀ tí n ó fi júwe àwọ̀ rẹ̀ nígbà tí àga kan lẹ́yìn mi na apá rẹ̀, ó fà mí láṣọ.

Ó rọra ní, "Ìyáàfin, òjò tí ẹ ń kọ ni omi tó fẹ́ pa á."

Mo wo ìsàlẹ̀. Omi ti dé ìbàdí Morádékẹ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di okùn tó wà láyà rẹ̀ mú. Gbogbo òjò tí mo ti ń kọ láti ọdún tó kọjá, èyí tí mo rò pé ó rẹwà, orí rẹ̀ ló ń dà sí. Mo pa ẹnu mi dé. Lójú ẹsẹ̀, òjò dá.

Mo wá rí i pé bí mo bá tún dákẹ́ jù, okùn ọ́fíìsì ló kàn. Mo sáré wí pé:

"Lójijì, ọkọ̀ ojú omi kan yọ. Ẹ̀gbọ́n Morádékẹ́, ọkùnrin tó ti lọ sí ìdálẹ̀ tipẹ́, ló ń wà á bọ̀ láti wá gbé e."

Ọkọ̀ náà yọ lóòótọ́. Ọkùnrin kan wà nínú rẹ̀, ó wọ agbádá funfun, ó ń tukọ̀ kíkankíkan. Ara tù mí. Ṣùgbọ́n nígbà tó kù díẹ̀ kó dé ibi òrùlé, ó dáwọ́ àjẹ̀ dúró, ó gbójú sókè sí mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ta ni mo jẹ́?"

"Ìwọ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀."

Ó yíjú sí Morádékẹ́, ó ní, "Ṣé o mọ̀ mí?"

Morádékẹ́ ní, "Rárá. Ìyá mi ò bí ọkùnrin."

Ọkùnrin náà ṣí fìlà, ó ní, "Ẹ má bínú. Wọ́n kàn gbé mi síbí ni." Ọkọ̀ rẹ̀ ti di búrẹ́dì. Omi rin ín, ó rọ̀, ó já wẹ́wẹ́, ọkùnrin náà sì fi agbádá rẹ̀ lúwẹ̀ẹ́ lọ, ó ń tọrọ àforíjì títí a kò fi rí i mọ́.

Ọ̀gbẹ́ni Láògún mi orí. Ó ní, "Ẹni tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí wàhálà bẹ̀rẹ̀ kò lè já bọ́ láti ojú ọ̀run wá yanjú rẹ̀."

Mo ní, "Kí àwọn ará ilé rẹ̀ bá a sọ̀rọ̀, ó kéré tán, kí ọkàn rẹ̀ má bàa dákú." Kí n tó pa ẹnu dé, wọ́n ti ń yọ lórí òrùlé: gbogbo èèyàn tí mo ti kó sínú ìwé náà láìfún wọn níṣẹ́. Àbúrò ọkọ wà níbẹ̀, ọ̀rẹ́ wà níbẹ̀, ẹni tó ń kan páànù, ẹni tó wá yá abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan tí kò padà wá mọ́. Páànù ń dún lábẹ́ wọn. Wọ́n la ẹnu lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ní:

"Morádékẹ́, ìfaradà ni ìpìlẹ̀ ohun gbogbo. Ẹni tó bá ní ìforítì yóò jẹ èrè rẹ̀."

Ìyáàfin Bámgbàlà ní, "Ìyáàfin, ẹ di ojú yín. Èwo nínú wọn ni ọ̀rẹ́? Èwo ni ẹni tó ń kan páànù?"

Mo dijú. Wọ́n tún un wí. N kò lè dá ẹnì kankan mọ̀. Ohùn tèmi ni gbogbo wọn ń fọ̀, ohùn tí mo fi ń bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ lórí ìlà láàárọ̀. Ojú tì mí, ẹ̀rù sì bà mí, torí mo gbọ́ tí òrùlé náà ń tẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Láògún dìde. Ó ní, "Lórí kókó yìí, mo fẹ́ fi àǹfààní yìí sọ fún gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn pé..." Kò sọ ọ́ tán tí ìwo fi gun fìlà rẹ̀ láti abẹ́. Ó di òbúkọ, tòun ti táì. Ìyáàfin Bámgbàlà fẹ́ gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, òun náà di ewúrẹ́, gíláàsì rẹ̀ ṣì wà lójú. Ọ́fíìsì kún fún mẹ̀ẹ̀-mẹ̀ẹ̀. Lórí òrùlé náà, àwọn ará ilé ti di ewúrẹ́ lọ rẹrẹẹrẹ, wọ́n ń ké ní ohùn kan, wọ́n sì wúwo.

Láti ojú fèrèsé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lé àwọn ti orí òrùlé lọ. Ó dùn mí, torí mo fẹ́ràn àwọn mìíràn nínú wọn. Mo ń sọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan pé, "Má bínú, n kò ní iṣẹ́ fún ọ níbí." Ọ̀kọ̀ọ̀kan á bẹ́ sómi, á lúwẹ̀ẹ́ lọ. Ó wá ku ọ̀kan tó kọ̀ jálẹ̀. Ó fẹsẹ̀ kọ́ páànù, ó wò mí sùn-ùn, ó ní:

"Àwọn yẹn lè lọ. Ta ló gbé ìkòkò mi? Ẹ̀wà mi ò tíì jinná, ẹ wá ń fi omi dà mí láàmú."

Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀, ó padà di èèyàn. Ìyá ọkọ Morádékẹ́ ni, arúgbó tí mo fún ní ìlà ọ̀rọ̀ kan péré nínú gbogbo ìwé náà. Mo dá ohùn rẹ̀ mọ̀ pé tirẹ̀ ni, kò jọ tèmi, kò jọ ti ẹlòmíràn.

Mo ní, "Ìyá àgbà, ẹ gbà mí. Kí ni ìyàwó yín yìí ń wá?"

Ó rí ìkòkò rẹ̀ tó ń léfòó, ó nawọ́ mú un. Ó ní, "O wà lókè lọ́hùn-ún, ò ń bi mí léèrè ẹni tó dúró sílẹ̀ tó ní ẹnu. Sọ̀ kalẹ̀ kí o bi í." Ó gbé ìkòkò rù, ó sì rìn lọ lójú omi bí ẹni tó ń lọ sẹ́yìnkùlé.

Mo yíjú padà. Òbúkọ tó jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Láògún ti dé ibi okùn tó so ọ́fíìsì mọ́ igi máńgòrò. Ó ń jẹ ẹ́.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù fún mi."

Ó fi ojú ọ̀gá wò mí, ó ń jẹun rẹ̀ lọ. Okùn náà ti tín-ín-rín, ó ń já ní fọ́nrán fọ́nrán. N kò gbọdọ̀ dúró gbọ́ ìdáhùn. Mo gun ojú fèrèsé, mo bẹ́.

Mo pẹ́ nínú afẹ́fẹ́. Mo ráyè tún gèlè mi wé. Nígbà tí mo balẹ̀ sórí páànù, omi ti dé àyà mi, ó tutù gan-an, ẹ̀rọ ìránṣọ Morádékẹ́ sì wà níwájú mi gan-an. Omi ti dé àyà òun náà. Mo lọ dúró níwájú rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ ọ́, n kò wo ojú rẹ̀ rí. Àpá kékeré kan wà ní àgbọ̀n rẹ̀ tí n kò fi síbẹ̀.

Mo ní, "Morádékẹ́."

Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Mà. Ẹ pẹ́."

"Mo mọ̀. Kí lò ń wá?"

Ó ní, "Ẹ ò bi mí rí." Kò bínú sọ ọ́, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Ó wá fi àgbọ̀n nà sí òdìkejì omi. "Ẹ wo ilé yẹn."

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wà níbẹ̀, ó dúró sórí òkè díẹ̀, omi kò dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè rẹ̀. Obìnrin kan dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, ó ká ọwọ́ lẹ́rán. Ó ń wò wá. Ó sún mọ́ wa débi pé mo rí yẹtí etí rẹ̀.

"Ta nìyẹn?"

"Ọlátórera. Ẹ̀gbọ́n mi ni."

"N kò kọ ọ́."

"Ẹ ò kọ ọ́. Àmọ́ ibẹ̀ ló wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí i tí n kò kí i." Ó fọwọ́ kan ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. "Ìyá wa ló ni èyí. Ọlátórera ló kọ́ iṣẹ́ lẹ́sẹ̀ ìyá wa, òun ló ń yí i fún wọn nígbà tí ojú wọn ò ríran mọ́. Nígbà tí wọ́n kú, èmi ni mo gbé e lọ. Mo ní ọkọ mi kú, mo ní mo ṣì ní ọmọ tí mò ń tọ́ nígbà náà. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo gbé e lọ kí Ọlátórera tó ti ọjà dé. Láti ọjọ́ náà kò pe orúkọ mi mọ́."

"Kí lo wá ń wá báyìí?"

"Kó pe orúkọ mi."

Nǹkan kékeré báyìí ni. Mo ti ń wá ọ̀nà àtigbà á là kúrò nínú odò, ohun tó ń wá kò sì sí nínú odò rárá.

Mo ní, "Pè é, nígbà náà. Kó ju okùn sí ọ."

"Kò ní okùn. Èmi ni mo ní i." Ó tọ́ka sí àyà rẹ̀. Okùn tó fi di ẹ̀rọ ìránṣọ mọ́ ara ni okùn kan ṣoṣo tó wà lójú omi yẹn, àfi èyí tí òbúkọ ń jẹ lókè. Bí ó bá tú u láti jù ú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀rọ náà yóò rì.

Lójú ẹsẹ̀ ni mo mọ ìdí tí ìwé náà fi dúró sí mi lọ́wọ́. Síbẹ̀, mo ní, "Má tú u. Ohun tí o fi ń jẹun ni. Fún mi láyè, n ó wá ọ̀nà tí n ó fi gba ẹ̀yin méjèèjì, ìwọ àti ẹ̀rọ."

Ó ní, "Ìyẹn lẹ ti ń ṣe láti ọdún tó kọjá. Mà, ẹ jẹ́ kí n pàdánù nǹkankan."

Ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, ó ń lọ tàkàtàkà bí ìgbà tí wọ́n ń yí i. Ó ní, "Mo ti rán ìkómọ, mo ti rán ìsìnkú. Ó tó. Tú mi."

Omi dé ọrùn rẹ̀. Mo gbọ́ nǹkan tó já lókè, mo gbójú sókè, ọ́fíìsì náà ti bọ́, ó ń fì lọ nínú afẹ́fẹ́, àwọn ewúrẹ́ yọ orí lójú fèrèsé, ẹnì kankan nínú wọn kò wo ẹ̀yìn. Mo gbìyànjú láti pe orúkọ obìnrin tó dúró níwájú mi. Ó ti ń lọ lẹ́nu mi. Mo rí "Mo", mo rí "rá", ìyókù kò wá.

Mo ní, "Tú u."

Kò pẹ́ lórí kókó okùn náà. Ẹ̀rọ náà yọ́ kúrò lẹ́yìn rẹ̀, ó kan páànù lẹ́ẹ̀kan, ó yí, ó lọ. Kò pariwo. Obìnrin náà dúró, ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn ara rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣe mí bí ẹni pé èmi ni mo jù ú.

Lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ̀hún, Ọlátórera ti tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ti sún mọ́ irin ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó wo ibi tí ẹ̀rọ náà rì sí, ó wò ó pẹ́, débi tí mo fi rò pé yóò wọlé lọ. Kò sí ohun tí mo lè sọ sí i. N kò mọ̀ ọ́n, n kò lè fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Àbúrò rẹ̀ ká okùn náà sọ́wọ́, ó jù ú. Kò dé. Ó fà á padà, omi ti kan àgbọ̀n rẹ̀. Ó tún un jù.

Ọlátórera nawọ́. Ó la ẹnu.

Ẹnu yẹn ni mo ń wò nígbà tí mo gbọ́ ohùn ọkọ mi.

"Ìyá Gbénró. Ìyá Gbénró, dìde. Omi ti dé ẹnu ọ̀nà yàrá."

Mo la ojú. Ilẹ̀ ti mọ́ díẹ̀. Ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ká ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún. Omi ẹ̀rọ àdúgbò wa ló wá lójijì ní ìdájí, ẹnì kan nínú wa sì ti gbàgbé láti ti ẹnu ẹ̀rọ náà pa. Bókẹ́ẹ̀tì kún, balùwẹ̀ kún, ọ̀nà ilé di odò. Sálúbàtà mi kan ń léfòó bọ̀ lọ́dọ̀ mi, jẹ́jẹ́.

Mo dìde. Mo lọ gbé ìgbálẹ̀, òun gbé àkísà, a bẹ̀rẹ̀ sí í gbá omi náà síta. Ó ní omi yìí yóò ba tìmùtìmù jẹ́ bí a kò bá tètè. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ní:

"Ta ni Ọlátórera? Ò ń pè é lójú oorun."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n obìnrin kan ni. N kò tíì mọ̀ ọ́n dáadáa." Mo sì rọ́ àlá náà fún un bí mo ṣe ń gbálẹ̀, bí mo ṣe rọ́ ọ fún yín yìí. Ó dúró lórí ẹsẹ̀ kan nígbà tí mo dé ibi tí ẹ̀rọ náà rì, ó gbàgbé àkísà lọ́wọ́.

Ó ní, "Ṣé ó wá pe orúkọ rẹ̀?"

"Mo jí kó tó pè é."

"Nítorí náà o ò mọ̀."

"N kò mọ̀. Àyàfi kí n jókòó kọ ọ́."

Ó wo omi tó kù nílẹ̀. Ó kù púpọ̀. Ó na ọwọ́, ó gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi.